Ilé Á Tutù

Nígbà tí bàbá mi kọ́lé sẹ́yìn títì Àgọ́ Palace, irà ló wà lẹ́yìn wa. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké níbẹ̀, ẹ̀fọn ò sì jẹ́ ká gbádùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn irà náà, ṣùgbọ́n òun ló ń gba òjò lálejò. Nígbà tó yá, wọ́n gé e ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì, wọ́n tà á. Ẹni tó bá rà á á kó yanrìn sí i, á rí i dájú pé ilẹ̀ òun ga ju ti ẹni tó kọ́kọ́ dé lọ. Bí ilé wa ṣe di kòtò nìyẹn, láì kúrò níbi tó wà.

Òjò náà sì ti yíwà padà. Èyí tí ì bá fi ọ̀sẹ̀ kan rọ̀ ń rọ̀ tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Rédíò ní èéfín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ayé ló fà á, pé wọ́n ń kó èrè sápò, wọ́n ń da èéfín sórí ẹni ẹlẹ́ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí wọ́n ń fi èéfín ṣe la ń fi yanrìn ṣe ládùúgbò wa. Omi kì í lọ síbi tó wù ú mọ́. Ibi tí owó ò bá sí ló ń lọ.

Onílé tuntun tó wà lápá ọ̀tún wa ṣe ìṣílé. Òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àdúrà. Pásítọ̀ ní òjò ìbùkún ni, ó ní, "Ilé yìí á tutù, á tura!" Àmín màmá mi ròkè ju ti onílé lọ. Nígbà tá a padà délé, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti rin gbingbin. Mo ní àdúrà ti gbà, àdírẹ́ẹ̀sì ló ṣì. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká ta ilé náà, kí màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. "Mọ́mì, ọ̀gbàrá òjò ò lóun ò nílé wó."

"Onílé ni ò ní gbà fún un," ni màmá dá a lóhùn. "Yàrá yìí ni bàbá yín dákẹ́ sí. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti gbé mi jáde."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí mo mọ̀ pé bí omi bá tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀gbọ́n mi á mú màmá lọ. La bá kó yanrìn tiwa náà. A gbé ilẹ̀ yàrá àti àgbàlá sókè débi pé ẹnu ọ̀nà kúrú. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ tẹríba. Màmá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ ìsinsìnyí ò kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

Òjò tó tẹ̀ lé e ò kan yàrá. Màmá sùn, ó han-run. Láàárọ̀, obìnrin tó ń gbé lápá òsì wa, tí ilé rẹ̀ ti pẹ́ bíi tiwa, yà wá kí i. Abọ́ tó fi ń gbọ́n omi jáde ní yàrá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Mọ́mì. A rí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe. Ẹ kú oríire. Ilé á tutù o."

Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú ohùn rẹ̀. Màmá mi, tó máa ń ṣe àmín sí àdúrà orí rédíò pàápàá, wo etí ìró rẹ̀ tó ń kán tótó sórí yanrìn wa. Kò ṣe àmín. "Wọlé," ló sọ, obìnrin náà sì tẹríba kó tó lè wọlé.