Àbàjà Tí Olóòtú Fi Ọ̀dà Pa Rẹ́

Nígbà tí ọmọ olóòtú wa àtijọ́ wá bá mi ní Ìkòsì pé bàbá òun ti kú, mo ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú.

"Daddy," ló wí, "ẹ bá wa ya Daddy wa sí iwájú ìwé ètò ìsìnkú. A fẹ́ kó rí bíi ti màgásíìnì wọn ayé ọjọ́un. Wọ́n máa ń sọ pé ọwọ́ yín ò láfiwé."

Bàbá rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ létí mi rí.

Ọ̀dọ́ ni mí nígbà tí mo ń yàwòrán fún màgásíìnì tó jẹ́ olóòtú rẹ̀. Íńkì dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín la fi ń ṣiṣẹ́, a ó sì fi ọ̀dà funfun pa ibi tí a bá ṣì yà rẹ́. Ó ní kí n ya ìyá ọlọ́mọ kan sí èèpo ìwé ọdún Kérésìmesì. Mo ya ìyá mi. Àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Olóòtú wò ó, ó ní, "Ta ló fẹ́ ra ojú ará oko?" Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó fi ọ̀dà funfun pa àbàjà rẹ́, ó tún imú ṣe títí ó fi dà bíi ti òyìnbó inú ìpolówó ọṣẹ. Ọkùnrin tí àbàjà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ tiẹ̀ náà! Àtíkè ló fi ń bò ó kí wọ́n tó ya òun ní fọ́tò.

Ìyá mi ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wọn yóò rí òun nínú ìwé. Nígbà tí mo gbé e fún un, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Èwo ni èmi níbẹ̀?" Ojú tì í. Kò jẹ́ kí n ya òun mọ́ títí ó fi kú. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo gba iṣẹ́ náà. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Mo ya ojú ìgbéraga rẹ̀, ètè tó ń yọ ṣùtì, àti àbàjà, tí mo fi íńkì tó ki yà. Mo fẹ́ kí gbogbo èrò ìsìnkú rí ohun tó fi àtíkè bò. Mo gbádùn iṣẹ́ yẹn gan-an.

Nígbà tí mo gbé àwòrán náà dé ilé wọn ní Gbàgádà, ojú ọmọ rẹ̀ yí padà. "Daddy, ó fine o, but ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ marks yẹn. Àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀."

Mo ní mi ò yọ nǹkan kan.

Opó olóògbé, ìyá arúgbó, ní kí wọ́n gbé e wá. Ó wò ó pẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ojú tí wọ́n fi wá fẹ́ mi nìyí. Kò sí nínú fọ́tò kankan. Ẹ ṣeun."

Inú bí mi. Ṣé ọpẹ́ ni mo wá gbà? Mo ní, "Mummy, kì í ṣe ìfẹ́ ni mo fi yà á o."

Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀. Mo rí i lára ètè yẹn. Ẹ kórìíra wọn. Ṣùgbọ́n àwọn gan-an nìyí."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo lọ síbi ìsìnkú kí n lè rí ojú àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n bá rí i. Ẹnì kankan ò yọ ṣùtì. Ṣe ni wọ́n gbé ìwé náà mọ́ àyà, tí wọ́n ń sọ fún ara wọn pé baba náà rẹwà.