Méje Tó Ń Dún Létí Lisiate

Kò sí ẹni kan ní abúlé wa ní erékùṣù Vavaʻu tí kò ní sọ fún ọ pé òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Lisiate fi etí ara rẹ̀ dá orin fún ìjọ. Àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà gan-an ń búra pé ìlà ẹ̀yìn làwọn jókòó sí.

Ọjọ́ àpéjọ ńlá ìjọ ni. Nafetalai, ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ afọnfèrè wa, jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. Bẹ́ẹ̀ a kì í fi dùùrù kọrin. Ọ̀gá ni yóò dá ohùn, gbogbo wa a sì gbà á láti ibẹ̀. Nọ́ńbà la fi ń kọ orin wa sára pátákó, láti orí mẹ́ta dé orí mẹ́sàn-án, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ohùn? Kí wọ́n tó wo ọ̀tún wo òsì, Lisiate ti dìde.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi," ó wí. "Etí òsì mi yìí, méje ló ń kọ tọ̀sán tòru. Kì í há, kì í sì í sinmi."

Kalolaine, ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin olóhùn òkè, rọra fa ẹní tí ọkọ rẹ̀ ró mọ́ ìbàdí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa lọ́jọ́ ọ̀wọ̀. "Bàbá Sela, jọ̀ọ́, jókòó. Ọ̀fìnkìn ṣì ń bá ọ jà. Ṣé ó dá ọ lójú pé méje náà ṣì wà níbi tó wà?"

"Ìyá Sela, ṣé etí tìrẹ ni, àbí tèmi?"

Ó di ojú, ó tẹ́tí sí inú orí ara rẹ̀, ó sì dá ohùn. Háà! Ọ̀fìnkìn ti gbé méje Lisiate lọ sókè téńté. Ní ẹsẹ kìn-ín-ní, àwọn obìnrin ń na ọrùn bí adìẹ tó ń mumi. Nígbà tó fi máa dé ibi tí orin náà ti gòkè, ẹnu wọn là sílẹ̀ lásán, afẹ́fẹ́ ló ń ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n orin tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ níwájú Ọlọ́run àti àwọn ìjòyè, àwa kì í dá a dúró, ì báà ṣe pé òrùlé ń jábọ́. Làwọn géńdé olóhùn ìsàlẹ̀, àwọn apẹja alápá gìrìwò, bá fi ohùn obìnrin gbà á. Ìjòyè kan tó ti sùn lọ ta jí, ó ní ta ni wọ́n ń pa. Ẹsẹ mẹ́fà ni orin yẹn ní, a sì kọ gbogbo rẹ̀ tán.

Nígbà tí a parí, tí gbogbo wa ń mí hẹlẹhẹlẹ, Lisiate yíjú sí wa tayọ̀tayọ̀. "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ìsàlẹ̀ lẹ ti ń kọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá."

Etí Lisiate kò ṣàdédé máa hó. Àgbẹ̀ ni, iṣu àti kókò ló ń gbìn, ṣùgbọ́n fèrè ni ayọ̀ rẹ̀. Fèrè ńlá ìjọ, èyí tí a máa ń gbé sáyà bí ẹni gbé ọmọ, òun ló ń fọn ọ́n láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ ti ń dánrawò, páànù lókè, páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àga Lisiate sì wà gẹ́rẹ́ níwájú ẹni tó ń gbá àwo idẹ méjì pọ̀. Bí àwo bá ti ṣe jàn-án, ọpọlọ Lisiate náà á ṣe jàn-án. Wọ́n ní kó sún kúrò níbẹ̀, ó ní bàbá òun ló jókòó síbẹ̀ rí, òun kò lọ síbì kankan.

Lọ́jọ́ kan, kí àpéjọ yẹn tó dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìrẹ̀ kan nínú ilé. Ó ká gbogbo ẹní, ó tú àpótí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ògiri.

"Ìyá Sela, ṣé o kò gbọ́ ìrẹ̀ yìí ni? Ó ń han yee láti àárọ̀!"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Lisiate wò ó pẹ̀lú àánú. Ó gbá a mọ́ra. "Má bẹ̀rù," ó ní, "mi ò ní kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé etí rẹ di." Kò gbọ́ àlàyé kankan. Ó mú ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀, ó gbé e lọ sí ọsibítù ìgboro kí wọ́n lọ yẹ etí rẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì yẹ etí Kalolaine wò. Etí náà mọ́ gaara. Nọ́ọ̀sì wá yíjú sí ẹni tó mú aláìsàn wá, ó fi ẹ̀rọ dé òun náà létí, ó sì fún un ní bọ́tìnnì kan. "Bàbá, nígbàkígbà tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Lisiate tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, kò gbé ìka kúrò lórí rẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ẹ dákun, mi ò tíì tan ẹ̀rọ."

"Ta ló wá ń fọn ọ́n?"

Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé inú etí rẹ̀ ni ìrẹ̀ náà wà, pé ariwo ọjọ́ pípẹ́ ló fà á, àti pé etí ọ̀tún ti ń di pẹ̀lú. Ó fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún ti ọ̀tún. Ti òsì, ó ní híhó náà lè má lọ mọ́, ṣùgbọ́n èèyàn lè bá a gbé. Ibi tó bá pa rọ́rọ́ ló ti máa ń pariwo jù, nítorí náà kí ó máa wá ohùn jẹ́jẹ́ kan fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó sì jìnnà sí àwo idẹ.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá padà, Lisiate gbé ọwọ́ sáyà bí ẹni gbé fèrè. Ó ní, "Ìyá Sela, tí wọ́n bá gba fèrè yẹn lọ́wọ́ mi ńkọ́?" Láti ọjọ́ tí Kalolaine ti fẹ́ ẹ, kò rí i kí ẹ̀rù bà á rí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi délé.

Ilẹ̀ mọ́, Lisiate ti padà di Lisiate. Ó ní ohun tí kò bá ti ní kúrò nílé òun, ó di dandan kó ṣiṣẹ́. Ó fi ìró ìrẹ̀ náà wé ohùn orin, ó bá méje mu. Bí ìrẹ̀ ṣe di méje nìyẹn, bí méje sì ṣe dé iwájú àwọn ìjòyè nìyẹn.

Lẹ́yìn àpéjọ náà, Nafetalai wá sílé wọn. Ó jókòó sórí ẹní, ó mu kava, omi gbòǹgbò tí a fi ń gba àlejò, ó yin iṣu, ó yin ẹlẹ́dẹ̀, ó yin òjò. Kalolaine ti mọ ohun tó gbé e wá.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní nígbẹ̀yìn, "ẹ ti ṣe bẹbẹ fún ẹgbẹ́ yìí. Gbogbo wa ló ń fẹ́ kí ẹ sinmi."

"Ṣé mo sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ti orin ọjọ́sí nìkan. Tí a bá ń fọn fèrè, tí àwa bá parí, ẹ̀yin á ṣì máa bọ̀."

"Ṣé èmi kì í dé ni?"

Kalolaine fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, àdéhùn sì wà: ọjọ́ tí a ó ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, Lisiate yóò jókòó sáàárín ẹgbẹ́. Bó bá ṣìnà níbì kan péré, yóò dá fèrè padà fún ìjọ, kò sì ní tún gbé e mọ́.

Láti ọjọ́ náà, Lisiate kò jẹun dáadáa mọ́. Gbẹ̀rẹ̀fútù sísun tó fẹ́ràn jù, ó kàn ń wò ó ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ sí àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń lu èèpo igi di aṣọ, ó fẹ́ wá béèrè ibi tí ìyàwó rẹ̀ fi ọ̀bẹ sí. Wọ́n jókòó ní ìlà nídìí ìtì igi gígùn kan, òòlù igi ń lọ kó-kó-kó. Lisiate dúró. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ fò lọ lórí rẹ̀.

"Ìyá Sela! Mi ò rí i mọ́!"

"Ọ̀bẹ?"

"Ìrẹ̀ yẹn! Ó wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ti sá sábẹ́ òòlù yín!"

Ó jókòó sílẹ̀ gbà-à. Àwọn obìnrin pariwo lé e lórí. "Bàbá, ọkùnrin kì í jókòó síbí! Ṣé ẹ fẹ́ bá wa lu aṣọ ni?"

"Ẹ máa lu tiyín, ẹ jẹ́ kí n máa gba ìtọ́jú mi."

Ojoojúmọ́ ló ń wá. Wọ́n fún un ní èèpo igi kó máa bó, ó ń bó o, ó ń sọ ìtàn irọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó ṣèèṣì gbé ẹsẹ̀ lásán lé orí ìtì igi náà, ó sì fò sókè bí ẹni tí alákàn já jẹ. "Ẹsẹ̀ mi ń gbọ́ o! Kalolaine, ẹsẹ̀ mi ń gbọ́!" Ìró òòlù ń gba inú igi bọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gun orúnkún. Kíá, ó sáré lọ gbé fèrè wá, ó ń fi ẹsẹ̀ gbọ́ òòlù, ó sì ń fọn ọ́n tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin, àwọn aláwàdà burúkú, á lu kíákíá, wọ́n á tún ṣàdédé fà á gùn, kí wọ́n lè mú un. Wọn kò rí i mú. Aṣọ tí wọ́n lù lọ́dún yẹn ló fẹ̀ jù ní gbogbo erékùṣù wa, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ dìde.

Ọjọ́ ìṣíṣọ́ọ̀ṣì pé. Lisiate fúnra rẹ̀ gbé àga bàbá rẹ̀ kúrò níwájú àwo idẹ, ó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù ńlá, lórí pèpéle onípákó kan náà. Ó fi aṣọ rírọ̀ di etí òsì. Lẹ́yìn náà, níwájú gbogbo ìjọ, pẹ̀lú kóòtù funfun ẹgbẹ́ lọ́rùn rẹ̀, ó bọ́ bàtà méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n!" Nafetalai ń fi eyín sọ̀rọ̀. "Bàtà yín!"

"Ṣé fèrè lo wá gbọ́, àbí bàtà?"

Nafetalai gbé ọwọ́ sókè. Ìlù dún. Kalolaine kò wo ẹnu ọkọ rẹ̀ rárá, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ó rí i tí àtàǹpàkò ń tẹ pákó, tó ń tẹ pákó, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí pákó náà má tàn án. Orin dé ibi tí gbogbo fèrè ti ń dákẹ́, tí fèrè ńlá nìkan á máa lọ. Lisiate wọlé. Kò yá jù, kò sì pẹ́. Ohùn náà jáde rọra, ó kún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin àtíbàbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Nafetalai rìn wá bá a. Ó bẹ̀rẹ̀, ó he bàtà méjèèjì nílẹ̀, ó sì tò ó sábẹ́ àga Lisiate.

Orí àga yẹn ni Lisiate wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lákòókò tí a ń gbin iṣu ló lọ, nínú oorun, lẹ́yìn tó ti fọn fèrè lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú. Ẹgbẹ́ fọn fèrè sin ín, wọ́n sì fọn ọ́n dáadáa.

Nígbà tí èrò ọ̀fọ̀ túká, Nafetalai nìkan ló kù sílé Kalolaine. Ó jókòó, ó ń fi ìka fa okùn ẹní.

"Ìyá Sela," ó ní, "etí èmi náà ń hó."

"Kí lo wí? Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ń hó kí n tó wá gba fèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Bí mo ṣe jókòó síbí lọ́jọ́ náà, ó ń hó. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí a bá mú wọn kúrò, kò sẹ́ni tó máa fura sí tèmi." Ó tún fa okùn ẹní. "Lẹ́yìn ìṣíṣọ́ọ̀ṣì ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní kí n lọ mú ìwọ̀ ẹja wá."

Ẹnu ya Kalolaine. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá lá àlá, gbogbo abúlé á ti gbọ́ kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná! Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ rẹ̀ àti Nafetalai máa ń gbé ìwọ̀ lọ sórí àpáta lókè èbúté, wọn kò mú ẹja kan bọ̀ rí. Ó ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u.

"Nítorí náà ẹ kò pẹja rárá?"

"A kì í ju ìwọ̀ sómi. Ibẹ̀ ni ìgbì ti ń pariwo jù. Tí a bá jókòó síbẹ̀, etí wa kì í yọ wá lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa gbọ́."

Kalolaine bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, nígbà tó yá, òun gan-an kò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́. "Ta ló wá ń bá ọ lọ báyìí?"

"Kò sí. Mi ò tíì lọ."

Ó dìde, ó wá ìwọ̀ ọkọ rẹ̀ rí, ó mú apẹ̀rẹ̀. "Dìde, ká lọ."

Wọ́n jókòó sórí àpáta, ìgbì ń fọ́ nísàlẹ̀ wọn, ojú Nafetalai sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kalolaine fi ìdẹ sẹ́nu ìwọ̀, ó jù ú sómi. Kò pẹ́ rárá, okùn náà fà le, ẹja ńlá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lisiate, ìwọ ọkùnrin yìí!" ó kígbe sí òkun. "O sọ fún mi pé kò sí ẹja níbí!"