Fọ́tò Faiz Nínú Ìwé Ìdìbò

Tí ẹ bá mọ obìnrin kan tó fẹ́ràn ìdìbò ju Bàdírátù lọ, ẹ wá fi í hàn mí. Ní wọ́ọ̀dù wa létí òkun Ìlàjẹ, níbi tí abúlé mẹ́fà ti ń pín káńsílọ̀ kan ṣoṣo lò, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ibùdó ìdìbò, kí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó gbéra ní Igbokoda rárá. Àwọn olóṣèlú rò pé nítorí tiwọn ni. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Ẹgbẹ́, wọ́n ń fún un ní àńkárá tí wọ́n ya orí ara wọn sí, òun náà á gbà á, á fi nu irin tó fi ń yan ẹja. Wọn ò béèrè ohun tó ń wá. Èmi náà ò tètè béèrè, bẹ́ẹ̀ ilé wa ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síra.

Èmi ni Fágbèmí, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Ìdí-Àgbọn. Ugbonla ni wọ́n bí Bàdírátù sí, nínú ìdílé mùsùlùmí apẹja. Ìyàwó ni wọ́n gbé e wá fún Sùlèímánì, tó ń tún àwọ̀n ṣe ní abúlé wa. Ọmọ mẹ́rin ló bí, Faiz nìkan ló dúró. Ọmọ náà ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ẹja yíyan ni ìyá sì fi tọ́ ọ dàgbà. Èéfín ti ba ojú obìnrin náà jẹ́, ó máa ń pọ́n ní gbogbo ìgbà. Ó bá Faiz ra ẹ́ńjìnì, ó bá a fẹ́ Khalidat, ó wá ń retí ọmọ-ọmọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Faiz àti àwọn méjì míì wa ọkọ̀ jáde. Ọjọ́ Àbámẹ́tà, omi gbé ọkọ̀ náà wá sébùúté ní ìdojúdé. Lọ́jọ́ kejì a rí òkú àwọn méjì tó kù. A wá Faiz títí dé Ayétòrò, a ò rí i. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a ò bá rí òkú rẹ̀, a kì í sọ pé ó kú. A ó ní ó ṣì wà lójú omi. Bàdírátù di gbólóhùn yẹn mú, kò jẹ́ kí ààfáà kírun òkú sí ọmọ rẹ̀ lára. Àwọn kan ń wá sọ fún un pé ẹni ọmọ sin ló bímọ, bí ẹni pé ó nílò kí wọ́n rán an létí. Inú máa ń bí mi sí wọn. Àwọn àgbà ti ní kí ọmọ ẹni kú ó sàn ju kó sọnù lọ, kí ni wọ́n wá ń wí?

Kí ọdún yẹn tó parí, òkun gba ilé wọn, ó gba àpótí tí fọ́tò wà nínú rẹ̀. Omi iyọ̀ ba fóònù Khalidat jẹ́. Fóònù Faiz àti káàdì ìdìbò rẹ̀ wà nínú báàgì tó gbé lọ sójú omi. Bí ojú ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣe parẹ́ nílé ayé nìyẹn.

Àfi ní ibì kan. Nígbà tí ìdìbò àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà dé, òṣìṣẹ́ ṣí ìwé orúkọ olùdìbò, ó ń wá orúkọ Bàdírátù. Orúkọ ìdílé ni wọ́n fi tò ó: Sùlèímánì Bàdírátù, Sùlèímánì Faiz, Sùlèímánì Khalidat, fọ́tò kálukú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Obìnrin náà rí ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní kó wá tẹ̀ka, kò gbọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, èmi wà lára àwọn tó pariwo, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Inú ọkọ̀ mi ló ti sọ ọ́ fún mi, nígbà tí mo ń gbé ẹja rẹ̀ lọ sọ́jà Igbokoda. "Akọ̀wé, ojú Faiz ọma mi ń sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá dijú, mò ń rí èjìká rẹ̀, mò ń rí bó ṣe ń rìn. Ojú rẹ̀ ni ò dúró. Ọjọ́ ìdìbò nìkan ni mo ń rí i."

Ìgbà tí ìdìbò míì dé, mo mú fóònù dání láti bá a ya àwòrán náà. Kí n tó gbé e sókè, ọlọ́pàá ti gba ọwọ́ mi, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ìwé ìjọba. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní tí n kò bá ṣọ́ra, èmi àti fóònù ni a jọ máa sùn ní àgọ́.

Ìdìbò káńsílọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ibà dá Bàdírátù dúró lọ́jọ́ náà, ọ̀sán ló tó dé iwájú tábìlì. Wọ́n ṣí ìwé, ó rí i pé wọ́n ti fi báírò máàkì orúkọ Faiz pé ó ti dìbò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó figbe ta: "Ọma mi ti dé! Faiz ti dé o, ó ti dìbò!" Ó sáré lọ sí èbúté, ó ń yẹ inú ọkọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Àwọn ajẹ́ńtì ẹgbẹ́ òṣèlú ń wo ilẹ̀. Mo mọ ẹni tó fi orúkọ náà dìbò àti ẹni tó bá a máàkì í, mi ò ní dárúkọ wọn, ìyá tó bí wọn ni ojú ń tì mí fún.

Nígbà tó yé e, ó ní ẹnikẹ́ni ò tún ní fi ọmọ òun dìbò mọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò gbé ìwé orúkọ síta pé kí aráàlú wá sọ ẹni tó ti kú níbẹ̀, ó wá bá mi. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n lè yọ fọ́tò náà kúrò. Ó ní, "Ṣé ghan ò ní mú un kúrò?"

Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí n ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni mí, mo gbọ́n jù. Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, a kì í pa orúkọ òkú rẹ́. Mo máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀ ni, tí mo bá sì pè é nípàdé ọdún, gbogbo wa la máa ń dáhùn fún un. Ìwé wo ni mo tún mọ̀? Mo ní, "Ìyá Faiz, ìlà pupa ni wọ́n máa fà. Ẹ ó ṣì máa rí i, àwọn olè ò sì ní lè lò ó."

Ọwọ́ mi ni mo fi kọ fọ́ọ̀mù náà. Òṣìṣẹ́ bi í pé kí ló ṣe ọmọ yìí. Bàdírátù wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó kú." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ nìyẹn látọjọ́ tí Faiz ti lọ. Ó tẹ̀ka sí i.

Nígbà tí ìdìbò dé lọ́dún tó kọjá, ó wọ aṣọ ọdún iléyá rẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé. Bàdírátù, Khalidat. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ó ní kí ọmọbìnrin tó di ìwé mú bá òun ṣí ojú ewé kejì. Ó ní kó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin náà ní, "Mama, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ti pa á rẹ́." Bàdírátù yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ghan ti mú un lọ." Kò bínú sí mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó gbá mi létí.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìdìbò ní Igbokoda lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, mo kọ mẹ́ta. Wọ́n ní ìwé orúkọ olùdìbò àtijọ́ ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo padà wá bá a níbi tó ti ń yí ẹja lórí iná, mo sọ fún un. Ó ń yí ẹja lọ. Ó ní, "Akọ̀wé, àpá tó wà lójú Faiz, èyí tí ìwọ̀ ẹja fà á ya, apá ọ̀tún ni àbí òsì?"

Mo ní ọ̀tún ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dijú, ó sì gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ lápá ọ̀tún. Irọ́ ni mo pa. Èmi náà ò rántí.