Ẹni Tó Ń Kà, Ẹni Tó Ń Wò

Lánàá ni wọ́n mú ìwé ètò ìsìnkú Dúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi, wá láti ilé ìtẹ̀wé ní Ìjerò, kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ púpọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn yíǹkì tuntun kọlù mí nímú, omi sì lé ròrò sí mi lójú. Òórùn ìgbà èwe wa ni.

Ní Arámọkọ ni a ti jọ lọ sílé ìwé. Lọ́dọọdún, ilé ìwé wa máa ń tẹ ìwé kékeré kan tí àwa ọmọ kọ ìtàn sí. Kí ó tó jáde, Tíṣà á gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò, á fi wá sí méjì-méjì. Ó ní ẹni tó kọ ìwé kì í rí àṣìṣe ara rẹ̀, torí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń kà. Nítorí náà, ẹnì kan á máa ka èyí tí a fọwọ́ kọ sókè, ẹnì kejì á máa fi rúlà tẹ̀lé e lórí èyí tí wọ́n tẹ̀. Bí ìlà kan bá tọ́, ẹni tó ń wò á fi pẹ́ńsù kan tábìlì, kó! Bí kò bá tíì kàn án, ẹni tó ń kà ò gbọdọ̀ tẹ̀síwájú.

Dúpẹ́ ló máa ń kà, èmi ni mo máa ń wò. Gbogbo àmì ló máa ń pè, ó sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu débi pé bí ìyá rẹ̀ bá pè é, á ní, "Màámi ń pè mí, kọ́mà, mo ti ń lọ ulé, fúlúsitọ́ọ̀pù." Ìyá rẹ̀ rò pé èébú òyìnbó ni.

Lọ́dún kan, a tẹ̀lé àwọn òbí wa lọ síbi òkú ìyá kan ní Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ àbíkẹ́yìn rẹ̀ nínú ìwé ètò. Ọmọbìnrin náà ń fi ìwé ọ̀hún han ẹni gbogbo, ó ń sunkún pé, "Ṣé èmi ò ní ìyá ni?" Bí a ṣe délé, Dúpẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá ní, "Bí mo bá kú, ìwọ ni kó o wo tèmi. Má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ọmọ mi kankan." Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ò tíì bí!

Wọ́n ti gé igi máńgòrò yẹn, Tíṣà náà sì ti lọ. Ọkùnrin tó gbé ìwé wá lánàá ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ránṣẹ́ pe Ìbùkún, àkọ́bí Dúpẹ́, pé kó mú èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ wá. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni. Nígbà tó dé orí orúkọ àwọn ọmọ, mo ń kan tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan àbíkẹ́yìn. Wọ́n pé.

Ó wá ka ìlà tó sọ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ sùn nínú Olúwa, ó sì dúró dè mí. Pẹ́ńsù ò kúrò lójú kan.

"Mọ́mì, ṣé àṣìṣe wà níbẹ̀ ni?"

Mo tún un wò, mo tún un wò. Láyé mi, n kò wá àṣìṣe tọkàntọkàn báyìí rí. N kò rí ìkankan.

Mo kan tábìlì.