Ìgbà Tí Ọmọ Mi Lọ Gbàgbé Ọmú ní Olúpọ̀nnà

Ọmọkùnrin mi ti lè sáré, ó ti lè gun àga, ó tilẹ̀ ti lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi síta, síbẹ̀ kò tíì fi ọmú sílẹ̀.

Télọ̀ ni mí. Yàrá iwájú ilé wa ní Ìwó ni mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ní àdúgbò àtijọ́ kan tí àwọn ilé ti fara ti ara wọn débi pé bí aládùúgbò bá sín, èèyàn lè kí i láti orí àga rẹ̀. Abẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ni ọmọ náà fi ṣe ilé. Ó ní àkísà tirẹ̀ níbẹ̀, ó ní róòlù òwú tó ti tán tó máa ń yí kiri bíi táyà mọ́tò. Bí ebi bá pa á, tàbí bí oorun bá ń kùn ún, tàbí bí ayé bá kàn sú u díẹ̀, yóò rá jáde, yóò di etí ìró mi mú, yóò ní, "Ummi, mu ún." Kì í sọ ohun tó fẹ́ mu. Èmi àti òun la jọ mọ̀ ọ́n. Màá dá maṣíìnì dúró, màá gbé e lé itan, àlàáfíà á sì dé.

Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ó pẹ́ kí n tó rí i bí. Nígbà tó bá ń mu ọmú, ó máa ń fi ìka kan tọ́ mi nímú, á máa wo ojú mi bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀ tó fẹ́ kà tán. Ta ló máa rí irú ìyẹn tí yóò máa kánjú pé kó parí?

Àwọn èèyàn ló ń bá mi kánjú. Àlájà kan wà tó ti ń gbé aṣọ wá fún mi láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo kúnlẹ̀, mo ń fi téèpù wọn ẹsẹ̀ aṣọ fún wọn, ni ọmọ yìí bá jáde lábẹ́ tábìlì, tó kàn gbé bùbá mi sókè lójú wọn, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu tirẹ̀ lórí ìdúró. Àlájà fi ìborùn bo ẹnu.

"Ọkọ mi," wọ́n ní, "ìgbà wo lo máa wá fẹ́ mi sílé, pẹ̀lú ọmú lẹ́nu báyìí?"

Ó fi ojú kan wò wọ́n, kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn dí i lọ́wọ́.

"Ìyá ọmọ, já a lẹ́nu ọmú o," Àlájà sọ fún mi. "Ọmọ tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ pàṣẹ ọmú, ó ti tó ọmọ tó ń jẹ iyán."

Mo ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi nígbà tó dé. Ilé-ìwé kan ní Ilé-Ogbó ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Lárúbáwá, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò á gbé wàláà wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, á máa kọ́ wọn ní kéwú. Áfáà ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọdún méjì ni ẹ̀sìn fi sílẹ̀ fún ìyá tó bá fẹ́ kó pé," ó ní. "Tiẹ̀ ti pé. Èènì ló ń bèèrè báyìí."

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ewúro. Mo fún omi rẹ̀ títí ó fi ṣú dúdú, mo fi pa ọmú, mo sì jókòó dè é. Nígbà tó fẹnu kàn án, ojú rẹ̀ kákò, ó tutọ́, ó sì wá gbójú sókè wò mí pẹ̀lú àánú, bí ẹni pé nǹkan burúkú ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Lẹ́yìn náà ó fa etí ìró mi, ó fi nù ún dáadáa, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i fùù bí mo ṣe máa ń fẹ́ ẹ̀kọ rẹ̀ kó lè tutù, ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Áfáà wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò wá. Ẹ̀rín pa á débi pé fìlà bọ́ lórí rẹ̀.

Ìyá mi ló wá yanjú rẹ̀. Olúpọ̀nnà ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń dín gaàrí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni wọ́n gbé gaàrí wá fún wa, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí bí ọmọ náà ṣe wá mú etí ìró mi.

"Adìyẹ tó ń rí àgbàdo nílẹ̀," wọ́n ní, "ta ló máa ní kó má ṣà á? Gbé e fún mi. Tí kò bá rí ọmú, á gbàgbé ọmú."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí òjò ọdún yìí kọ́kọ́ dá ná."

"Òjò wo? Èyí tó ti ń ṣú lójú ẹ yìí?"

Lóòótọ́, omi ti ń kún ojú mi. Wọ́n yíjú sí ọkọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ lọmọ yín." Ó wá wọ yàrá lọ láti lọ di ẹrù ọmọ. Aṣọ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó jáde.

Mo ti rò pé yóò ké, pé yóò di mọ́ mi, pé a ó máa já a kúrò lára mi. Ìyá mi pọ̀n ọ́n, wọ́n gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó rí i pé òun fẹ́ gun ọ̀kadà, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀. "Báàbáì!" ló ń sọ. Kò ju ọwọ́ sí mi. Ọlọ́kadà ló ń juwọ́ sí. Eruku ti rọlẹ̀ lójú ọ̀nà tán, mo ṣì nawọ́ sókè níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ara ìyá ló máa ń pẹ́ gbọ́ ìròyìn. Ọmú mi kún, ó le bí òkúta. Mo fi ọ̀já dì í mọ́ àyà. Bí ọmọ aládùúgbò bá ké ní ilé kejì, bùbá mi á rin gbingbin. Aṣọ tí mo ń rán kò tẹ̀lé mi mọ́. Mo yí apá kan sódì nígbà tí mo fẹ́ so ó mọ́ aṣọ, mo tú u, mo tún yí i sódì. Ilé wá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì láìní ìdí.

Àárò ọmọ ń sọ Áfáà náà, mo rí i. Ó máa ń ra àkàrà bọ̀ fún ọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dé, ó sálámà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ẹsẹ̀ tó máa ń sáré wá. Ìgbà tí ẹsẹ̀ kankan kò wá, ó rántí. Ó gbé àkàrà náà sórí tábìlì. A jọ ń wò ó.

"Jẹ́ ká jẹ ẹ́," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Kò ní bá wa pè é wálé."

Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ pè, nítorí bí ọmọ bá gbọ́ ohùn mi, gbogbo iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn ló máa ń pè mí, láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣé ó ń jẹun, Màmá?"

"Ó jẹ ẹ̀kọ, ó jẹ ẹ̀wà, ó jẹ iyẹ̀pẹ̀."

"Ṣé ó ń sunkún?"

"Ó sunkún lọ́jọ́ tó dé. Mo pọ̀n ọ́n yípo àgbàlá, a jọ kí òṣùpá, ó sì sùn. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ń sunkún?"

Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," bí ẹni tó ń bá ọmọdé tó purọ́ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, ìpè náà dáwọ́ dúró. Mo retí rẹ̀ títí, kò wọlé. Èmi fúnra mi wá rú òfin, mo pè, fóònù wọn kò lọ. Ilẹ̀ mọ́, mo tún pè, kò lọ. Mo sọ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi pé mo fẹ́ lọ ra òwú. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń ta òwú ni mo kọjá lórí ọ̀kadà, mo kọ orí sí Olúpọ̀nnà.

Mo ní kí ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ lójú títì kí ariwo rẹ̀ má baà dé ilé. Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo rọra yọ́ dé ibi ògiri ilé ìdáná, mo yọjú.

Ìyá mi jókòó ti agbada gaàrí, èéfín bo ojú wọn, wọ́n ń fi igbá kékeré ro ó. Ọmọ mi wà láàárín àgbàlá. Ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Oòrùn ti jẹ́ kó dúdú sí i, ikùn rẹ̀ sì ti yọ roboto. Ewúrẹ́ kan wà ní ìdè, ọmọ náà ń ṣa èèpo ẹ̀gẹ́ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. "Gbà," ó ń wí fún ewúrẹ́. "Rọra. Gbà." Bí ewúrẹ́ bá ti fẹ́ já a gbà, á gbé ọwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Má jà o." Ohùn ìyá mi ni, kò yàtọ̀.

Adìyẹ kan rí mi, ó figbe ta. Ọmọ mi bá yíjú.

Mo jáde, mo na apá méjèèjì sí i. Kò sáré wá. Ó dúró, ó wò mí láti ẹsẹ̀ dé gèlè. Ṣé ọmọ tí mo bí ti gbàgbé mi ni? Ó rọra gbé èèpo ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ikùn roboto yẹn nínú erùpẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ó ní.

Ìyá mi ju igbá sílẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Bó ṣe ń kí gbogbo àlejò nìyẹn! Mo kọ́ ọ. Ó ti kí Baálẹ̀, ó ti kí àwọn tó wá ra gaàrí, àná ló kí ajá."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún, mo bá ṣe méjèèjì. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ọmọ mi ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Dìde, ọkọ mi." Ó dìde, ó lọ sídìí àmù, ó bu omi wá fún mi nínú kọ́ọ̀bù, ìdajì rẹ̀ dà sí i lẹ́sẹ̀. Mo mu ìyókù. Ìgbà tí mo mu ún tán ló tó wá gun itan mi fúnra rẹ̀, ó sì gbé orí lé mi láyà.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi bùbá. Èmi àti ìyá mi ń wò ó. Ó fi ọwọ́ tẹ ọmú náà wò bí ẹni ń yẹ máńgòrò wò lórí àtẹ, lẹ́yìn náà ó gbọ́wọ́ kúrò.

"Ti ọmọ ìkókó ni," ó sọ fún mi, bí ẹni tó rò pé ó ṣeé ṣe kí n máà mọ̀.

"Ìwọ wá ńkọ́?"

"Èmi, gaàrí."

Nǹkan kan tú nínú mi nígbà yẹn. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtura rẹ̀ ju ìrora náà lọ. Ó sùn sórí itan mi láìbèèrè nǹkan kan.

Mo bi ìyá mi nípa fóònù. Wọ́n ní iná ni kò sí, àwọn kò sì rí ibi gba iná sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ìkòkò kékeré kan. Ọbẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹran, àti ẹ̀kọ tí wọ́n fi ewé bò.

"Mo mọ̀ pé o máa wá," wọ́n ní. "Mo ti gbé e pa mọ́ dè ẹ́. Bí ìyá tèmi náà ṣe gbé e dè mí nìyẹn nígbà tí mo gbé ẹ wá síhìn-ín wá já."

"Ìhìn-ín náà ni mo ti já lẹ́nu ọmú?"

"Ìhìn-ín ni. Mo wá yọjú wò ẹ́ bí olè, bíi tìẹ yìí náà. Ìwọ ò tilẹ̀ kí mi káàbọ̀. O sá lọ sẹ́yìn ìyá mi, o di aṣọ wọn mú, o ń wò mí. Mo sunkún dé oko. Nígbà tí mo padà dé nírọ̀lẹ́, o wá sùn lé mi lẹ́sẹ̀, o ń hanrun." Wọ́n bu ọbẹ̀ kún un fún mi. "Jẹun. Ọmú ni ọmọ máa ń gbàgbé, kì í gbàgbé ìyá."

Mo jẹun náà lójú wọn, ọmọ mi lórí itan, ọwọ́ kan ni mo sì fi ń jẹ ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wà láyé, ìyá mi kò sọ ìtàn yìí fún mi rí. Mo wo àgbàlá náà. Mo gbìyànjú láti rí ara mi níbẹ̀, tí mo kéré, tí mo ń sá fún ẹni tó bí mi. Mi ò rántí ohun kankan. Ọbẹ̀ yẹn dùn.

Ìyá mi ní kí èmi àti ọmọ jọ máa lọ, iṣẹ́ ti parí. Ibẹ̀ la ti rí ẹkún. Ọmọ tí kò sunkún nígbà tó ń fi mí sílẹ̀ sunkún nítorí ewúrẹ́. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀, ó ń ké "Ewúẹ́! Ewúẹ́!" títí awakọ̀ fi bi mí bóyá a gbàgbé ẹran kan sẹ́yìn. Ìgbà tí a rí òrùlé Ìwó lókèèrè ló tó dákẹ́.

Àwọn ọmọ kéwú ti jókòó nígbà tí a dé. Bí ọmọ mi ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ kéwú àkọ́kọ́, ó tún dọ̀bálẹ̀ fún èkejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kí wọn lọ, tí wọ́n sì ń wó lu ara wọn lẹ́rìn-ín. Áfáà kò lè bá kéwú lọ mọ́. Ó gbé e sókè, ó fi ojú rẹ̀ pamọ́ sí i lọ́rùn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún ọkọ mi, ọmọ náà fa àpótí wá, ó jókòó dojú kọ ọ́, ó kígbe "Bísímílà!" ó sì ti ọwọ́ bọ abọ́. Ẹran tó tóbi jù ló mú. Áfáà wo abọ́, ó wo ọmọ, ó wá wò mí.

"Ẹ má wò mí o," mo ní. "Wọ́n ti já a lẹ́nu tèmi. Tiyín ló kàn."