Pàǹtírí Tí Adéníran Fi Gbé Ilẹ̀ Yàrá Ga

Inú àbàtà ni Adéníran káfíńtà kọ́lé sí ní Òkokomáíkò lọ́dún 1983. Omi òjò àkọ́rọ̀ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Gọ́tà tí ìjọba ṣèlérí kò dé, ló bá ní kí ọlọ́mọlanke da pàǹtírí sí yàrá, ó sì da sìmẹ́ńtì lé e. Ọdọọdún lomi ń ga, ọdọọdún ló ń da pàǹtírí sí i. Nígbà tó fi di 1995, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nìkan ló lè nàró nínú ilé náà.

Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọba, ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ ò ṣe gbé òrùlé sókè?"

"Kí ni n óò fi gbé e? Pàǹtírí nìkan ni wọ́n ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́."

Òjò tún ṣú. Adéníran rákò jáde, ó lọ pe ọlọ́mọlanke.