Ẹni Mélòó Ló Ń Sùn Nínú Ilé Yìí?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ ìtàn akànìyàn fún mi, nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo máa ń bá wọn bó ẹ̀gúsí. Wọ́n ní ọkùnrin kan wọ abúlé àwọn láyé òyìnbó, ó gbé kálàmù dání, ó ń bi onílé kọ̀ọ̀kan pé ẹni mélòó ló ń sùn níbẹ̀. Wọ́n gún iyán fún un, wọ́n bu omi tútù fún un, wọ́n sì parọ́ fún un. Ilé tí ọmọ kún bí eèrà, wọ́n ní tọkọtìyàwó nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ti wà nínú oko kòkó, wọ́n ń wo bàtà ọkùnrin náà láàárín ewé. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi parí rẹ̀. "Ẹni tó bá ń kà wọ́n, ohun kan wà tó fẹ́ mú níbẹ̀." Èmi a bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé èmi náà máa di akànìyàn ní Houston.

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó padà sílé ìwé, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan tí kò jìnnà sí apáàtímẹ́ǹtì wa ní Brays Oaks. Ẹ̀kọ́ nípa ìwà ẹ̀dá àti àwùjọ ni mo yàn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ò gbà pé ẹ̀kọ́ ni. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ ẹnjiníà. "Ìwà ẹ̀dá?" ni alàgbà kan wí. "Ṣé èyí tóo rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ò tíì tó ẹ ni?" Ṣùgbọ́n orí mi ti wú. Bí tọkọtìyàwó bá ń jà nítòsí mi, màá ti máa mi orí bíi dókítà.

Ìyá àgbà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa, ló ń bá wa mú ọmọbìnrin wa dání tí mo bá lọ sí kíláàsì. Màmá la máa ń pè wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó ní Cypress, tó jìnnà sí àdúgbò wa, ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́, kì í tètè dé. Bí Màmá bá kọ ọmọ wa, ilé ìwé mi parí nìyẹn.

Lásìkò náà, ọkùnrin kan ládùúgbò wa jáde lọ síbi iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mú aláìnípépà ìgbélùú sì mú un lọ. Kò wálé mọ́. Àwọn àgbà ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Gbogbo èèyàn wá ń ti fèrèsé.

Àsìkò yẹn gan-an ni tíṣà wa, obìnrin òyìnbó kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, ní kí kálukú wa lọ bá ìdílé kan sọ̀rọ̀: ẹni mélòó ló wà nílé, báwo ni wọ́n ṣe jẹ́ síra wọn, ta ló ń pàṣẹ. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní kí a lè kọ́gbọ́n ni. Mo gbà á gbọ́, àfi pé ojú mi ń tẹ̀ lé àpò tó máa ń kó iṣẹ́ wa sí relé.

Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo gbé fóònù sórí tábìlì kó máa gba ohùn wa sílẹ̀.

"Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Wọ́n wo fóònù náà. "Ọlọ́run ṣeun, mo bímọ."

"Ẹni mélòó ló ń sùn nínú ilé yìí?"

"Èmi àti Jésù."

Wọn ò tíì pa ẹnu dé tí ẹnìkan fi wúkọ́ nínú yàrá. Ikọ́ ọkùnrin ni. Mo gbọ́ ọ, Màmá sì mọ̀ pé mo gbọ́ ọ.

"Tẹlifíṣọ̀n ni," ni wọ́n wí.

Tẹlifíṣọ̀n wà níwájú àwa méjèèjì. Wọn ò tàn án.

Nígbà tí mo gbé ọmọ lọ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn ò ṣí ju ìwọ̀n ojú kan lọ. Wọ́n ní ara àwọn ò yá. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ibi tí mo bá yà sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ a gé. Alàgbà yẹn ní, "Ẹ rọra sọ̀rọ̀ o, ìjọba ti dé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ojú mi.

Ìyàwó mi ló wá là á mọ́lẹ̀ fún mi. "Wọ́n ní o gbé ẹ̀rọ wọ ilé Màmá. Wọ́n ní ta ló rán ẹ?"

Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò lọ lọ́kàn mi. Ta ló rán mi, lóòótọ́? Mo mọ orúkọ tíṣà, mi ò mọ ilé rẹ̀. Mo rántí ọkùnrin tó gbé kálàmù dání. Bóyá wọ́n sọ fún òun náà pé kí wọ́n lè kọ́gbọ́n ni.

Èmi àti ìyàwó mi lọ bẹ Màmá. Mo ní màá pa ohùn náà rẹ́ níṣojú wọn. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ. A gbọ́ Jésù, a gbọ́ ikọ́. Mo pa á rẹ́.

"Kò tíì dé ọ̀dọ̀ òyìnbó yẹn?"

"Kò dé ibẹ̀, Màmá."

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀?"

Ìyàwó mi ló kúnlẹ̀, tó gbé ọmọ wa lé wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọ̀hún sì di ìró wọn mú, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Màmá wò ó títí, wọ́n wá gbé e. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ti yàrá náà ní kọ́kọ́rọ́.

Ìdílé tèmi ni mo padà kọ sílẹ̀ fún tíṣà. Mo kọ ara mi, mo kọ ìyàwó mi, mo kọ ọmọ wa. Àbúrò ìyàwó mi tó ń sùn ní pálọ̀ wa, mi ò dárúkọ rẹ̀. Tíṣà fún mi ní máàkì gidi, ó ní òtítọ́ inú mi wú òun lórí.

Fulshear, lẹ́yìn Houston, la wà báyìí, ilé wa fẹ̀ dáadáa. Màmá máa ń wá kí wa, ọmọ wa ti ga jù wọ́n lọ. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tó wúkọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò sì bèèrè. Síbẹ̀, bí mo bá yọ fóònù níwájú wọn, kódà kí n fi wo aago ni, wọ́n á dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, bí mo bá kan ilẹ̀kùn yín lọ́la, tí mo kí yín tẹ̀ríntẹ̀rín, tí mo ní ẹni mélòó ló ń sùn nínú ilé yín, kí lẹ máa wí fún mi?